BrdU mi ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò: báwo lẹ ṣe ń pò ó, báwo lẹ sì ṣe ń tọ́jú ẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà láàbù. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló kó mi lọ́kàn sókè. Mò ń ṣe másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara níbí ní Ìlọrin. Ọpọlọ eku ni mò ń yẹ̀ wò, bóyá àgbo ewé kan tí à ń fún wọn mu máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tuntun hù nínú hipokámpọ́ọ̀sì, apá kan nínú ọpọlọ. BrdU, kẹ́míkà kan tó ń wọ inú DNA sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín ara ẹ̀, ni mo fi ń sàmì sí sẹ́ẹ̀lì. 250 mg péré ni mo rí rà, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi tọ́jú owó ẹ̀.

Bí mo ṣe pò ó rèé. Mo wọn 100 mg sínú bíkà, mo da sálàìnì (omi iyọ̀) 10 ml lé e, mo gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ṣẹ́ díẹ̀ kù tí kò yòrò, ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ́ ti láàbù, mo bá fi sìríǹjì fà á, mo tì í gba inú fíltà 0.22 µm. Ó mọ́ gaara. Mo gún eku 8 níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi 200 g: 50 mg fún kílò, ìyẹn 1 ml fún eku kan. 2 ml tó kù, mo gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì.

Iná lọ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Àìkú ló tó dé. Nígbà tí mo padà débẹ̀, mo rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun nísàlẹ̀ ìgò. Tí mo bá gbé e síwájú fèrèsé, ó ń dán bí abẹ́rẹ́ wínníwínní. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti pa mẹ́rin nínú àwọn eku náà ní wákàtí 24 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, mo ti ṣe sítéènì ọpọlọ wọn (àwọ̀ tó ń fi sẹ́ẹ̀lì tó ní BrdU hàn), sẹ́ẹ̀lì méjì mẹ́ta péré ni mo ń rí lórí súláìdì kan, wọ́n sì ṣe bàìbàì.

Ṣé iná tó lọ ló ba BrdU mi jẹ́? Ṣé kí n da 2 ml yìí nù? 150 mg ló kù nínú ìgò, mi ò sì fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ òfo. Mo tún fẹ́ lo CFSE, àwọ̀ kan tí à ń fi ka bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín, fún sẹ́ẹ̀lì súpílíìnì lóṣù tó ń bọ̀, mi ò tíì po irú ẹ̀ rí.


Gáà_Àkànbí_1 (ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́)

Dà á nù, ọ̀rẹ́ mi. Iná tó lọ ló bà á jẹ́. Ohun tó bá ti sílẹ̀ ti kú nìyẹn. Èmi kì í po tèmi sílẹ̀, omi inú ọ̀rá (píọ̀ wọ́tà) ni mo fi ń pò ó lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lò ó, kò sì yọ mí lẹ́nu rí.


Ìyá_Láàbù (ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ rọra, ẹ má tíì da nǹkan kan nù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke, ọmọ mi, ọdún 24 rèé tí mo ti ń po nǹkan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìẹ. Iná kọ́ ló fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Òtútù ló fà á. BrdU kì í yòrò wọ́rọ́ bí iyọ̀. 10 mg nínú ml kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí agbára omi mọ. Tí o bá gbé irú omi bẹ́ẹ̀ sínú fíríìjì, díẹ̀ nínú ẹ̀ á tún jáde, á di kírísítà. Ká ní iná ò lọ rárá, o ṣì máa bá a níbẹ̀. Ti ìgò náà bọ inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, 37 sí 50°C, máa gbọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè. Á padà yòrò. Ó lè gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 10, ó lè gbà ọ́ ní 30. Má ti í bọ omi tó ń hó.

Fíltà ni mo fẹ́ kó o ro dáadáa. Ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé ó ṣẹ́ kù tí kò yòrò kí o tó tì í. Níbo ni èyí tí kò yòrò gbà? Inú fíltà ló jókòó sí, o sì ti ju fíltà nù. Ohun tó jáde mọ́ gaara lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe 10 mg nínú ml mọ́. Ó lè jẹ́ 8, ó lè jẹ́ 6. O kọ 50 mg fún kílò sínú ìwé, eku ò gbà tó bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mi ò kì í fi ṣíbí bu BrdU jáde tí mo bá fẹ́ lo gbogbo ẹ̀, torí ìyẹ̀fun náà fúyẹ́, fáànù lásán á gbé e lọ, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ṣíbí àti bébà náà á sì di àdánù. Mo máa ń gbé ìgò lódidi lé òṣùwọ̀n, máa kọ ìwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀, máa da omi sínú ìgò náà gan-an, kó yòrò síbẹ̀, máa dà á jáde, máa fi omi ṣan ìgò náà lẹ́ẹ̀mejì kún un. Tí ìgò òfo bá gbẹ tán, máa tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjèèjì ni iye BrdU tí mo ní gan-an, òun ni mo sì fi ń ṣírò omi tí màá fi pé e.

Sálàìnì tí à ń fi sí aláìsàn lára, 0.9%, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, ó dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kọ́kọ́ mú un gbóná díẹ̀ kó tó kan BrdU. Fi fóìlì wé ìgò, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń yọ brómíìnì kúrò lára ẹ̀. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yòrò tán, má gbé e síwájú fèrèsé, gbé e síwájú aṣọ dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, yí i lẹ́ẹ̀kan, kí o dúró. Tí ohun kan bá ṣì ń yí lọ yí bọ̀ bí eruku inú oòrùn, kò tíì yòrò. Ìgbà tí o ò bá rí nǹkan kan mọ́ ni kí o tó fíltà, kó sì ṣì gbóná wọ́ọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà pín in sí túùbù, 1 ml, 1 ml. Má kún un dé ẹnu, torí omi máa ń wú tó bá ń dì. Gbé e sí -20°C, kì í ṣe fíríìjì. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ lò, yọ iye tó o máa lò, mú un gbóná, yẹ̀ ẹ́ wò síwájú aṣọ dúdú kan náà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, má dá a padà.

Gáà_Àkànbí_1, jọ̀ọ́, má fi omi inú ọ̀rá po ohun tí o máa gún sára ẹran. Kò sí iyọ̀ nínú ẹ̀ tó bá ara dọ́gba, ẹnikẹ́ni ò sì pa kòkòrò inú ẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Tí kò bá tíì yọ ọ́ lẹ́nu, wo bóyá ó ń yọ eku ẹ lẹ́nu.


Àbíkẹ́_Òmù_Àrán (ọjọ́ Ajé, 10:21 alẹ́)

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, a ń gbádùn yín. Mo gba ọ̀rọ̀ fíltà yẹn, ṣùgbọ́n mi ò rò pé òun nìkan ló fa bàìbàì. Ká ní BrdU dín sí 6 mg, iye sẹ́ẹ̀lì lè dín, ṣùgbọ́n a ṣì máa rí ju méjì mẹ́ta lọ. Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke ò sọ nǹkan kan nípa ásíìdì. Inú DNA ni BrdU há sí, ẹ̀gbẹ́ méjì DNA sì lẹ̀ mọ́ra. Tí HCl ò bá là á, áńtíbọ́dì tó ń wá BrdU kiri nínú sítéènì ò ní rí i rárá. Arákùnrin, HCl mélòó lo lò, ìṣẹ́jú mélòó, níbi tó gbóná tó mélòó?

Nípa pípò, omi NaOH (sódà) tí kò le, 0.007 N nínú sálàìnì (N ni ìwọ̀n bó ṣe le tó), ni èmi ń lò. Ó máa ń jẹ́ kí BrdU yòrò kíá, kò sì tètè sílẹ̀.


Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (ọjọ́ Ajé, 10:33 alẹ́)

Ẹ ṣé o, Ìyá. Ẹ ṣé, àǹtí. HCl 1 N ni, ìṣẹ́jú 30, lórí tábìlì lásán. Èyí tí ẹni tó ṣáájú mi pò sílẹ̀ ni mo bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò kọ ọjọ́ sí i lára.


Àbíkẹ́_Òmù_Àrán (ọjọ́ Ajé, 10:41 alẹ́)

Mo mọ̀! 2 N ni kí o lò, 37°C, ìṣẹ́jú 30. Po tuntun: ásíìdì inú ìgò ńlá, 37%, ó tó nǹkan bíi 12 N. Da 10 ml ẹ̀ sínú omi 50 ml, díẹ̀díẹ̀. Ásíìdì là ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì. Tó o bá yọ súláìdì níbẹ̀, rì í sínú bọ́rétì 0.1 M, pH 8.5, ìṣẹ́jú 10, kí ásíìdì tó kù lè kú, kó má ba áńtíbọ́dì jẹ́.


Ọmọ_Ọ̀fà_Jámánì (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ láti Jámánì. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, eku ni èmi náà ń bá ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó máa dá BrdU lẹ́bi, kí ẹ sì tó máa dá ásíìdì lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká bi ìfun léèrè. Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke, ṣé o gé ìfun kékeré nínú àwọn eku tí o pa? Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú kòtò ara ìfun kì í sinmi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pín ara wọn. Eku tó bá gba BrdU ní wákàtí 24 sẹ́yìn, ìfun ẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fún àmì fọ́fọ́. Ṣe sítéènì ìfun pẹ̀lú HCl 2 N. Tó bá kún, BrdU dé ara eku, ásíìdì ló ń ṣe ọ́. Tí kò bá sí àmì lára ìfun náà, omi tó o pò ni kó o padà lọ wò.

Ti NaOH, àǹtí wa Àbíkẹ́, ọ̀nà tó wà ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lò ó, 0.007 N ò sì le jù fún abẹ́rẹ́ inú ikùn. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìfi nǹkan kún un. Fún sẹ́ẹ̀lì inú abọ́, èmi ò ní fi NaOH pò ó. 10 mM ni mo máa ń fi sílẹ̀, ìyẹn 3.07 mg nínú ml kan, torí ìwọ̀n BrdU jẹ́ 307.1. Ní ìwọ̀n yẹn kì í sílẹ̀ rárá. Tí mo bá fẹ́ lò ó, 1 µl nínú ml kan oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, ó di 10 µM.

Ẹnikẹ́ni tó bá lágbára ẹ̀, ẹ wo EdU, ó ń wọ DNA bíi BrdU. Ọdún 2008 ni Salic àti Mitchison gbé e jáde. Kò nílò HCl rárá, kọ́pà ló ń so àwọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìsopọ̀ yẹn wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún Bertozzi, Meldal àti Sharpless ní Nobel kẹ́mísírì ní 2022. 2.5 mg nínú DMSO (omi kẹ́míkà tí à ń fi yò nǹkan) 1 ml ló ń di 10 mM, -20°C ló ń gbé. Omi kọ́pà sọ́féètì 100 mM lè wà lórí tábìlì. Ásíkọ́béètì (irú fítámì C) ni kí ẹ ṣọ́: ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó ni kí ẹ pò ó. Tó bá ti pọ́n bí omi tíì, kò lágbára mọ́. Àpòpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kọ́pà, ẹ dà á sórí sẹ́ẹ̀lì láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ má sì fi omi tó ní EDTA fọ sẹ́ẹ̀lì ṣáájú, EDTA á gbé kọ́pà mì.


Ìyá_Láàbù (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀)

Ọmọ Ọ̀fà, o káre. Ọ̀rọ̀ ìfun yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn, o ṣeun. EdU dára, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ń ga fún ọmọ tó fi oṣù mẹ́ta ra 250 mg. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba èyí tó wà lọ́wọ́ là.

NaOH, mi ò sọ pé kò dáa. Ohun tí ojú mi rí ni pé àwọn ọmọ wa máa ń fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan pò ó ní ìlọ́po 10, gbogbo eku tó gún ló ká jọ tí wọ́n ń sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó kọ ìṣírò ẹ̀ síwájú ẹlòmíràn: NaOH 1 N, 0.7 ml nínú 100 ml.


Bàbá_Fíríìjì (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe ará láàbù, àtúnṣe fíríìjì ni mò ń ṣe, itòsí Ọjà-Ọba ni mo wà. Ọmọ mi obìnrin tó wà láàbù ló ní kí n wá bá yín dá sí ọ̀rọ̀ iná.

Ẹ̀yin tí ẹ ní nǹkan olówó ńlá nínú fírísà, ẹ fetí sí mi. Àkọ́kọ́, ẹ má lo èyí tí kì í di yìnyín sára. Fírísà yẹn máa ń mú ara ẹ̀ gbóná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí yìnyín lè yọ́, inú túùbù kéékèèké yín náà á máa yọ́ díẹ̀, á máa dì díẹ̀. Èyí tó dùbúlẹ̀ tó ń ṣí lókè ló dára jù. Tí ẹ bá ṣí i, òtútù ò ní dà jáde, torí òtútù wúwo.

Ẹ kún un. Fírísà tó kún fọ́fọ́, tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí i, ó lè mú òtútù dúró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì tí iná bá lọ. Tó bá jẹ́ ìlàjì ló kún, bí ọjọ́ kan. Ẹ di omi sínú ike rábà òfo, ẹ tò ó yí nǹkan yín ká, ẹ fi iyọ̀ sí i dáadáa, omi iyọ̀ tutù ju omi lásán lọ. Kí túùbù wà láàárín, nísàlẹ̀, má ṣe tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn láéláé.

Ẹ tún ṣe èyí. Ẹ bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kó dì. Ẹ gbé nọ́ọ̀tì irin kan lé orí yìnyín náà, kí ẹ gbé kọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ túùbù. Tí iná bá lọ tó sì padà wá lójú oorun, gbogbo nǹkan á ti tún dì, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀tì bá ti rì sínú yìnyín, ẹ mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ ti yọ́ rí. Tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ yọ fírísà kúrò lára iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí agbára iná kọ́kọ́ dúró dọ́gba.


Ọmọ_Ọ̀fà_Jámánì (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:10 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Kọ́ọ̀bù àti nọ́ọ̀tì yẹn, èmi náà á gbé e lọ sí láàbù wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, omi náà ò ní dì rárá nínú fírísà ilé. Omi tí iyọ̀ ẹ̀ tó nǹkan bí 23% àfi kó tó -21°C kó tó dì, ọ̀pọ̀ fírísà ilé sì ń dúró ní -18. Omi tí kò bá dì ò lè ṣọ́ nǹkan pẹ́, torí yíyọ́ yìnyín gan-an ló ń gba ooru mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ kéré, bíi 50 g nínú lítà kan, kó lè dì ganpa.


Bàbá_Fíríìjì (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:45 ọ̀sán)

Òótọ́ ni, ọmọ mi. Mo ti rí èyí tí kò dì rí, mo rò pé gáàsì ló ti jò. O ṣeun.


Alfa_Súpílíìnì (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:18 alẹ́)

Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin ará. Mo ti rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ìbéèrè CFSE. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gùn díẹ̀.

BrdU àti EdU, inú DNA ni wọ́n ń wọ̀, ẹni tó bá ń pín ara ẹ̀ nìkan ló ń gbà á. CFSE yàtọ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń gbà á, ó ń lẹ̀ mọ́ púrótéènì inú wọn, ìgbàkúùgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá sì pín sí méjì, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ pín sí méjì. Ìdajì ìdajì yẹn là ń kà. Tí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ò bá dọ́gba, kò sí ohun tí ẹ máa rí kà. Torí náà pípò ló ni iṣẹ́ yìí.

Ọ̀tá CFSE ni omi. Kì í ṣe omi tí ẹ dà sí i nìkan o, omi inú afẹ́fẹ́ náà. Tí ẹ bá yọ ìgò kékeré yẹn nínú fírísà, ẹ jẹ́ kó jókòó lórí tábìlì tó ìṣẹ́jú 30 nínú ike tó ní àpò sílíkà, kí ẹ tó ṣí i. Tí ẹ bá ṣí i nígbà tó tutù, ìrì á sẹ̀ sínú ẹ̀, bí omi ṣe máa ń sẹ̀ sára ìgò kóòkì tútù. Lásìkò òjò ní Ìlọrin níbí, mo ti fi ojú mi rí i, ìsẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti pọ̀ jù.

DMSO ni kí ẹ fi yò ó, èyí tí kò ní omi nínú, ìgò kékeré tí wọ́n di pa. DMSO náà ń fa omi mọ́ra, ìgò ńlá tí gbogbo láàbù ti ń ṣí láti ọdún tó kọjá ò wúlò fún CFSE mọ́. Ẹ má bẹ̀rù tó bá dì o. 18.5°C ni DMSO ń dì. Lásìkò ọyẹ́, tàbí tí AC bá ń fẹ́ lé e, ẹ máa bá a tó dì gbagidi bí òrí inú igbá. Ẹ fi ọwọ́ mú un, á yọ́, kò bàjẹ́. Ẹ má sì fi fíltà tí à ń lò fún BrdU ti DMSO, ó máa ń yọ ọ̀pọ̀ irú fíltà yẹn.

Ìṣírò ẹ̀: ìgò tó ní 50 µg, ẹ fi DMSO 18 µl sí i, ó di 5 mM. 1 µl ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì 1 ml, ó di 5 µM. Fún sẹ́ẹ̀lì súpílíìnì, ẹ dán 1, 2.5 àti 5 wò, kí ẹ wo èyí tí ò pa wọ́n. Èmi kì í kàn án sínú ml náà lójú kan. Mo máa ń tẹ túùbù sí ẹ̀gbẹ́, kí ògiri ẹ̀ gbẹ lókè, máa kán CFSE síbi gbígbẹ yẹn, máa dé e, máa yí i lójú ẹsẹ̀. Báyìí ló ṣe ń dé ara gbogbo sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá kán an sínú omi tààrà, àwọn tó wà nítòsí á gba àgbàkún, àwọn tó jìnnà á gba kíún, ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ sẹ́ẹ̀lì á sì fi òkè méjì hàn yín níbi tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan.

Inú PBS (omi iyọ̀ tí kò ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́) lásán ni kí sẹ́ẹ̀lì wà, kò gbọ́dọ̀ sí Tris, kò gbọ́dọ̀ sí síróòmù, torí CFSE á lọ lẹ̀ mọ́ ìyẹn. Ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ wá da oúnjẹ tó tutù tó ní síróòmù 10% lé e ní ìlọ́po 5. Ẹ fọ̀ ọ́. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń jábọ́ ní wákàtí 24 àkọ́kọ́ láìsí pé sẹ́ẹ̀lì pín. Ẹni tó bá ka ti ọjọ́ kìíní mọ́ ọn á rò pé sẹ́ẹ̀lì ti pín lẹ́ẹ̀kan.


Ọmọ_Ìgbájà (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:04 alẹ́)

Alfa, ẹ kú àlàyé. PBS tó ní BSA (púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) 0.1% lèmi ń lò, kì í ṣe PBS lásán. Sẹ́ẹ̀lì mi ń kú nínú PBS lásán, pàápàá àwọn tí mo yọ lára ẹran. BSA kéékèèké yẹn ò dí mi lọ́wọ́ rárá.


Alfa_Súpílíìnì (Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀)

Kò burú. BSA á gba díẹ̀ nínú CFSE, á sì dín oró ẹ̀ kù lára sẹ́ẹ̀lì, ìdí nìyẹn tí tìrẹ fi ń yè. Ẹ kàn má yí padà láàárín iṣẹ́ kan. Ẹni tó lo PBS lásán lọ́jọ́ Ajé tó lo BSA lọ́jọ́ Ẹtì ò lè fi ìmọ́lẹ̀ méjèèjì wé ara wọn.


Ìyàwó_Sàngó (Ọjọ́rú, 11:27 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi, èmi ni wọ́n ní kí n máa po BrdU fún ẹgbẹ́ wa. Ṣé tí mo bá wọ gílọ́ọ̀fù, kò séwu?


Ìyá_Láàbù (Ọjọ́rú, 11:35 àárọ̀)

Rárá o, ọmọ mi. Má pò ó, má wọ̀n ọ́n, má sì pààrọ̀ ìyẹ̀fun igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ àwọn eku tí wọ́n gún. Ohun tó ń wọ DNA eku, kò mọ̀ pé DNA ọmọ inú ẹ yàtọ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé ó máa ń yí DNA padà, ó sì máa ń ba ọmọ inú ẹran jẹ́. Sọ fún ọ̀gá yín lónìí. Tó bá ṣòro fún ẹ láti sọ ọ́, kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ẹ̀yin yòókù náà: gílọ́ọ̀fù, ìbòmú, kóòtù láàbù, ẹ pa fáànù. Ìtọ̀ eku náà ń gbé BrdU jáde, ẹ kó ohun tí ẹ tẹ́ sábẹ́ wọn sínú àpò ọ̀tọ̀ kí wọ́n sun ún pẹ̀lú ìdọ̀tí láàbù. Ẹ má da èyí tó ṣẹ́ kù sí síńkì. Èyí tó wà nínú DMSO le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí DMSO máa ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń fa ohun tó wà nínú ẹ̀ dání.


Ìyàwó_Sàngó (Ọjọ́rú, 12:20 ọ̀sán)

Mo ti sọ fún wọn. Ẹlòmíràn ti gbà á. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, Ìyá.


Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:16 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin tèmi. Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé màá padà wá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi.

Mo rí ìfun àwọn eku yẹn nínú fọ́málìnì. HCl 2 N tuntun, 37°C, ìṣẹ́jú 30, bọ́rétì ìṣẹ́jú 10. Nígbà tí mo wo ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, gbogbo ìsàlẹ̀ kòtò ìfun ló kún fún àmì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan bí ẹyin inú ẹja. Mo pe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá wò ó. Mo tún ọpọlọ ṣe pẹ̀lú ásíìdì yẹn, sẹ́ẹ̀lì jáde dáadáa, àwọ̀ ẹ̀ dúdú kedere. Ásíìdì ni àǹtí Àbíkẹ́ rí, òótọ́ ló rí.

Ọ̀rọ̀ ṣíbí àti òṣùwọ̀n náà, Ìyá rí i. Mo gbé ìgò 150 mg lé òṣùwọ̀n bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ìgbà tí mo wọn ìgò òfo lẹ́yìn, 141 mg ló jáde. 9 mg ti lọ mọ́ ṣíbí àti bébà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bu 100 mg. Mo pé e sí 14.1 ml. Sálàìnì gbóná 45°C, ó fi ìṣẹ́jú 22 yòrò. Mo gbé e síwájú aṣọ dúdú, híjáàbù àbúrò mi ni mo fi kọ́ ògiri. Ní ìṣẹ́jú 15 mo rò pé ó ti tán, aṣọ náà fi hàn mí pé kò tíì tán.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè ka àwọn eku àkọ́kọ́ mọ́ àwọn tuntun nínú èsì mi?


Ìyá_Láàbù (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:03 ìrọ̀lẹ́)

Inú mi dùn púpọ̀, ọmọ mi. Má kà wọ́n mọ́ra. O ò mọ iye BrdU tí àwọn àkọ́kọ́ gbà, kò sí ìṣírò tó lè sọ ọ́ fún ẹ mọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ gbangba pé wọ́n wà, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fíltà, kí o sì yọ wọ́n kúrò nínú kíkà. Lo ìfun wọn fún kíkọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ.

Túùbù mélòó lo pín, níbo ló wà?


Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:11 ìrọ̀lẹ́)

14, Ìyá, kálukú wà nínú fóìlì. Mo kọ 10 mg/ml, sálàìnì, ọjọ́, àti orúkọ mi sí i, mo fi sẹ́lótéèpù lé e kí ẹ̀tánọ́ọ̀lù má pa á rẹ́. Fírísà tó ń ṣí lókè ni, ike omi iyọ̀ kéékèèké 12 yí wọn ká. Iná lọ lánàá láti ọ̀sán di òru. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀tì náà ṣì wà lórí yìnyín.